Dókítà rere wo ni àwọn ọmọ wa fẹ́ dà?

Orí àga gígùn ilé ìwòsàn ni mo ti rí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ibi tí púpọ̀ nínú wa ti máa ń jókòó láti àárọ̀ títí oòrùn á fi gun àtàrí.

Mo sin àbúrò ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Opó ni. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí ọkọ rẹ̀ kú. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti sọ fún un pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ti fún un ní oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, orí ń fọ́ ọ, òòyì sì ń kọ́ ọ. A gba nọ́ńbà, a jókòó. Nígbà tó kàn wá, wọ́n ní kí n lọ sanwó ná, bẹ́ẹ̀ ni ìyá wọlé láìsí mi.

Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ló gbà á, ọmọ tó ti wọ ọdún tó kẹ́yìn lẹ́nu ẹ̀kọ́. Apá Atakora lókè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti bí i, kò gbọ́ Yorùbá. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ló bá wọn túmọ̀. Ó bi ìyá pé kí ló ń ṣe é. Ìyá ní, "Inú mi ò dùn láti ìgbà tí baálé mi ti lọ." Agbálẹ̀ sọ ọ́ ní Faransé pé inú ń run ìyá láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti rìnrìn-àjò. Ọmọ náà ní kí ìyá dùbúlẹ̀, ó tẹ ikùn rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó bá a ní 19 lórí 11. Ó kọ oògùn inú rírun. Ó tún kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn kún èyí tó wà nínú ìwé ìlera ìyá, nítorí lójú tirẹ̀, ti àkọ́kọ́ kò ràn án mọ́. Gbogbo owó rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá fránkì. A ra oògùn inú náà, a sì ra ìdajì tuntun yẹn.

Oògùn àkọ́kọ́ tó ní kò ràn án mọ́ yẹn, ìyá kò lò ó rárá láti ọjọ́ òkú. Owó tí ì bá fi rà á ti bá ìnáwó lọ. Kò sẹ́ni tó bi í, èmi náà kò bi í. Ní ti oògùn inú rírun, ìyá rò pé oògùn ìbànújẹ́ ni wọ́n fún òun, ó sì ń lò ó déédéé.

A kò mọ gbogbo èyí lọ́jọ́ náà. Èrò ti ń dín kù, mo bá jókòó ti ọmọkùnrin yìí, mo bi í ní ìbéèrè kan tó ti pẹ́ lọ́kàn mi: kí ló rò pé ó ń sọ ènìyàn di dókítà rere? Kò kà á sí àfojúdi. Ó ní ẹni tó mọ àìsàn dájú ni, tí kì í ṣì í mú, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n bí wọ́n bá gbé ẹni tó fẹ́ kú wọlé lóru. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó kéré sí i lẹ́kọ̀ọ́. Òun ní tòun, dókítà rere ni ẹni tí aláìsàn fọkàn tán débi pé yóò sọ òtítọ́ fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní kó jẹ́ kó di ọdún tó kẹ́yìn ná, kó ti ṣọ́ ilé ìwòsàn mọ́jú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan, yóò gbàgbé ìyẹn.

Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju owó tí a san lọ. Ohun tí ọmọ náà fi ṣàwàdà, àwọn onímọ̀ ti wọ̀n ọ́n rí. Ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, Mohammadreza Hojat àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Jefferson láti ọdún kìíní títí wọ́n fi parí, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2009. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè fi ara rẹ̀ sí ipò aláìsàn tó. Lọ́dún kìíní àti ìkejì, kò yí padà tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún kẹta, ó já wálẹ̀, kò sì padà sí ipò rẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi gbàwé ẹ̀rí. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọdún kẹta yẹn gan-an ni wọ́n ń kúrò nínú yàrá ẹ̀kọ́ lọ síbi ibùsùn aláìsàn. Òótọ́ ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló ń dáhùn ìbéèrè nípa ara wọn, wọn kò bi aláìsàn. Amẹ́ríkà kì í sì í ṣe Benin. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọbìnrin yẹn àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí àga kan náà, kí ẹ sọ fún mi pé ẹ kò rí i.

N kò gbà pé ọkàn àwọn ọmọ yìí ló burú. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn. Láàárọ̀, ọ̀gá àgbà á máa ti orí ibùsùn kan bọ́ sí òmíràn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á tò tẹ̀lé e bí ọmọ adìyẹ. Á dúró, á nàka sí ọ̀kan: àìsàn wo nìyí? Mélòó ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀? Kí ni àyẹ̀wò sọ? Bí ọmọ náà kò bá mọ̀ ọ́n, ìtìjú dé nìyẹn, níwájú ẹgbẹ́, níwájú nọ́ọ̀sì, níwájú aláìsàn pàápàá. Mo ti ṣọ́ aláìsàn mọ́jú ní ilé ìwòsàn tó mẹ́ta láyé mi, n kò tíì gbọ́ kí ọ̀gá kan bi akẹ́kọ̀ọ́ pé: kí ni obìnrin yìí ń bẹ̀rù? Ta ni yóò bá a ra oògùn? Ohun tí wọn kò bi ọmọ léèrè nígbà ìdánwò, ṣé òun ni yóò jókòó kọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́n. Ohun tí ọ̀gá ń fẹ́ ló ń kó jọ.

Wọ́n á ní àkókò kò sí. Èrò pọ̀ níta lóòótọ́, dókítà kò tó. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ní 1984, àwọn oníwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Beckman àti Frankel, gbé ìwádìí kan jáde lórí bí dókítà àti aláìsàn ṣe ń sọ̀rọ̀. Tí a bá pín in dọ́gba, ìṣẹ́jú àáyá 18 péré ni aláìsàn fi ń sọ̀rọ̀ kí dókítà tó já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní 2002, àwọn mìíràn ní ìlú Basel, ní ilẹ̀ Switzerland, sọ fún àwọn dókítà pé kí wọ́n pa ẹnu mọ́ títí aláìsàn á fi sọ pé òun ti parí. Aláìsàn 335 ni wọ́n fi wò ó. Tí a bá tún pín in dọ́gba, ìṣẹ́jú àáyá 92 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan fi sọ tirẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn, bíi 78 ló ti parí ọ̀rọ̀ wọn kó tó pé ìṣẹ́jú méjì. Ìṣẹ́jú méjì! Kò tó wa ná aṣọ kan tán lọ́jà Kétu. Kí ìyá tó bọ́ sórí ibùsùn kí wọ́n tó tẹ ikùn rẹ̀, ó ti ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di tiwa gan-an nìyí. Kí dókítà tó gbọ́ ohun tí ń ṣe ènìyàn, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè rẹ̀. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ìṣègùn ní Kútọnu, Faransé ni ní Parakou, òun náà ni ní Lomé. Bí ọdún méje ni ọmọ fi ń kọ́ ọ. Ó mọ orúkọ eegun kọ̀ọ̀kan, ó mọ orúkọ iṣan, ó mọ ohun tí oògùn ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rán an sí àárín àwọn tí kì í fi Faransé sọ pé ara ń ro wọ́n.

Ẹ mú "inú" nìkan. Inú ń run mí, ikùn ni. Inú ń bí mi, ìbínú ni. Inú mi bàjẹ́, ìbànújẹ́ ni. Inú mi ń kùn, ikùn tún ni. Bí wọ́n bá ní obìnrin kan ní inú, ẹ ó kọ́kọ́ wo ojú ẹni tó sọ ọ́ kí ẹ tó mọ̀ bóyá oyún ni tàbí ìkà. Ẹni tó bá ní àyà òun ń já lè máa bẹ̀rù ohun kan, ó sì lè jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì lóòótọ́. Ẹ wá wo jẹ̀díjẹ̀dí: ẹnìkan ń pe ìdí tó ń yọ bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn ń pe ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi kan sì ń pe ẹ̀yìn dídùn bẹ́ẹ̀, ó ní ṣúgà ló fà á. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń pe gbogbo ara gbígbóná ní ibà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ "ibà ẹ̀fọn" sílẹ̀ nítorí pé ìyá sọ pé ibà ni, ta ló ṣì í?

Àwọn kan á sọ pé nǹkan ń rìn lórí àwọn bí kòkòrò, tó ń gbóná, tó ń lọ láti orí sí ẹ̀yìn. Òde orí ni àwọn àgbà ń pè é. Ọ̀jọ̀gbọ́n Makanjuola ní Nàìjíríà kọ̀wé lé e lórí ní 1987, ó sì lo orúkọ Yorùbá náà gan-an, nítorí pé ó rí i pé ohun tí aláìsàn ń sọ ní ìtumọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ èyí á wá kòkòrò kiri, tàbí kó pe aláìsàn ní òpùrọ́.

Ta ló sì ń túmọ̀? Agbálẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, aládùúgbò tó bá a wá, tàbí ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́. Obìnrin wo ni yóò sọ fún ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé omi ń dà lójú ara òun? Ìyá wo ni yóò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ túmọ̀ pé oyún bà jẹ́ lára òun, tí kì í sì í ṣe ti baba rẹ̀? Á ní orí ló ń fọ́ òun. Wọ́n á fún un ní oògùn orí, á lọ sílé.

Ohun kan tún wà tó kéré lójú wọn, tó tóbi lójú wa. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbìyànjú láti kọ́ Yorùbá díẹ̀ á wọlé tọ arúgbó, á ní, "Ṣé o ti jẹun?" Kò mọ̀ pé òun ti sọ baba ẹni ọgọ́rin ọdún di ọmọdé. Ẹnìkan kàn kọ́ ọ ní gbólóhùn láìkọ́ ọ ní "ẹ" ni. Ẹ̀yin tí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ má bínú, ẹ tún un ṣe fún un. Ọmọ Atakora tó wá ń ṣọ́ wa mọ́jú níbí ti ṣe wá lóore ju ọmọ ilé wa tó gbàwé ẹ̀rí tán tó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sílẹ̀ Faransé.

Mo mọ ohun tí àwọn kan á sọ. Wọ́n á ní ẹ̀rín kì í wo àìsàn, pé dókítà tó mọ̀wé tó sì ń kanra sàn ju ẹni tó ń kí ènìyàn dáadáa tí kò mọ nǹkan kan. Mo gbà. A mọ àwọn tó ń gun alùpùpù kiri abúlé pẹ̀lú àpótí abẹ́rẹ́, tí wọ́n ń kí wa bí ọmọ wa, tí wọ́n sì ń gún wa ní ohun tí wọn kò mọ̀. Wọ́n gbọ́ èdè wa dáadáa. Wọ́n ti sọ ẹsẹ̀ ọmọ ẹlòmíràn di rírọ. Ìmọ̀ ni ìpìlẹ̀, n kò bá ọmọ Atakora yẹn jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí mo ń bá a jiyàn lé lórí ni pé ó rò pé gbígbọ́ ọ̀rọ̀ aláìsàn jẹ́ ìwà rere tí ènìyàn fi ń kún ìmọ̀. Lójú tèmi, ara ìmọ̀ gan-an ni. Ìwé tó kà kò purọ́ fún un. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ìyá kò ra oògùn náà mọ́.

Àwa náà ńkọ́? Àwa la ń kọ́ wọn ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Bí dókítà bá jókòó bi wá léèrè ọ̀rọ̀, tó wò wá, tó ní kò sí oògùn tó yẹ kí a rà, à ń jáde pẹ̀lú ìbínú pé kò mọ iṣẹ́. Bí ẹlòmíràn bá gbé omi kọ́ wa lápá, tó gún wa lábẹ́rẹ́ méjì, tó kọ ìwé oògùn tó gùn bí okùn, a ó ròyìn rẹ̀ títí dé ọjà pé dókítà gidi nìyẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbọ́ wa. A sì ń fi àgbo tí a ti mu pamọ́. A mọ̀ pé wọ́n á bá wa wí, a ó ní a ò mu nǹkan kan. Bí oògùn méjì bá wá pàdé nínú ẹ̀dọ̀ ènìyàn, ilé ìwòsàn la ó dá lẹ́bi.

Ẹ̀yin ará Pọbẹ̀ mọ egbò Buruli, ilé ìtọ́jú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín. Kókó kékeré lábẹ́ awọ ló sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í dunni. Nítorí pé kò dunni, a kì í ka á sí. Bí ó bá jẹ́ ìgbà náà ni a lọ, oògùn apakòkòrò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ máa ń wò ó. Bí a bá dúró títí ó fi jẹ awọ tán, iṣẹ́ abẹ dé, ẹsẹ̀ tàbí apá sì lè ká kò. Ọmọ tó ní kókó yẹn lè wá sílé ìwòsàn nítorí ikọ́. Ta ni yóò rí kókó náà? Akẹ́kọ̀ọ́ tó bi ìyá rẹ̀ pé, "Ṣé kò sí nǹkan mìíràn lára rẹ̀?" tó sì dúró de èsì ni. Ìwé lè sọ ohun gbogbo nípa kòkòrò Buruli fún un, ìyá ọmọ nìkan ló mọ̀ pé nǹkan kan wà ní ẹ̀yìn orúnkún.

Kí ẹ má sì rò pé mo ń béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí. Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, kọ́ ìṣègùn ní Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó padà délé, tó ń tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú ní Aro láti 1954, ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sínú abúlé tó wà nítòsí, pẹ̀lú ẹbí wọn tó ń dáná fún wọn, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú òyìnbó lọ́sàn-án. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra láti bá a ṣe é. Kò ju ìwé rẹ̀ nù. Òun náà ló di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé nígbà tó yá. Ẹni tó bá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé gbígbọ́ ti ará abúlé ń dín ọlá dókítà kù, ẹ fi Lambo hàn án.

Lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbèjà ìwé àṣekágbá rẹ̀, á gbọ́wọ́ sókè, á búra. Ní Faransé. Nínú ìbúra tí àwọn dókítà àgbáyé fọwọ́ sí ní Geneva ní 1948, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2017, wọ́n ti fi kún un pé dókítà gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ aláìsàn láti pinnu fún ara rẹ̀. Ó dára púpọ̀. Báwo ni àbúrò ìyá mi ṣe fẹ́ pinnu lórí ohun tí agbálẹ̀ túmọ̀ ní òdì?

Tí wọ́n bá bi mí, màá ní kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn fi èdè kan nínú èdè ilẹ̀ wa sínú ìdánwò, Yorùbá, Fọ̀n, Baatonu, èyí tó bá wu ọmọ, kí ọ̀gá jókòó kó gbọ́ bó ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, kó sì fún un ní máàkì lórí ẹ̀. Màá ní kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ní ẹnìkan tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ ìtúmọ̀, tí wọ́n ń san owó fún, tó mọ ọ̀rọ̀ àṣírí í pa mọ́. Obìnrin agbálẹ̀ yẹn kò jẹ̀bi. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe, ọ̀kan ni wọ́n ń san owó fún. Ní ti àwa, ẹni tó bá sin aláìsàn lọ, kó wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Owó lè dúró díẹ̀. Kí ẹ kó gbogbo oògùn tó wà nílé sínú àpò dání, àgbo náà, kí ẹ tò wọ́n sórí tábìlì dókítà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a padà lọ. Ẹ̀jẹ̀ ìyá ṣì wà ní 18 lórí 11. Ọmọbìnrin ọjọ́sí ló gbà wá. Ṣábẹ̀ ni ìyá ìyá rẹ̀ ti wá, Yorùbá rẹ̀ kò já gaara, ṣùgbọ́n ó tó. Ó ka ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ sílẹ̀, ó gbé ojú sókè, ó ní, "Màmá, kí lẹ sọ fún wọn lọ́jọ́ yẹn gan-an?" Ìyá tún un sọ. Ó ní, "Kí ló dé tí inú yín ò dùn?" Ìyá bú sẹ́kún. Kò pẹ́ púpọ̀, ìnáwó òkú jáde, oògùn tí kò rà jáde, gbogbo rẹ̀ jáde. Wọ́n pe ọ̀gá wọn, ọ̀gá fagi lé oògùn kejì, ó ní kí ìyá padà sí ti àkọ́kọ́, kí a wá wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Ọmọkùnrin Atakora yẹn dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó yọ ìwé pélébé kan nínú àpò ẹ̀wù funfun rẹ̀, ó ní kí n sọ gbólóhùn náà díẹ̀díẹ̀ kí òun kọ ọ́, inú mi ò dùn. Ó bi mí bóyá ohun mìíràn tún wà tí à ń fi "inú" sọ. Mo ní kó fi ojú ewé méjì sílẹ̀.